Fọ́ọ̀mù Tí Wọ́n Fi Pamọ́ Fún Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́

Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ fi ṣí ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn kí ara tó kọ̀ fún un. Ẹni tó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́lé, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kán sínú ihò, ẹni tí ọkọ rẹ̀ tilé tó sì gba ọ̀nà àjò lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń sá wá. Ṣùgbọ́n kì í kàn bá èèyàn ṣílẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ gbé àpò irin iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, á wá béèrè pé: "Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn yìí, kí ni màá kọ́kọ́ rí?" Bó bá jẹ́ onílé lóòótọ́, á dáhùn láìronú: bàtà àwọn ọmọ, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀. Bó bá jẹ́ olè, á máa wòkè á máa wolẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni olè fẹ́ fi í ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gbé àpò rẹ̀ padà, tó ní inú ń run òun.

Iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kó máa fura. Ìfura loògùn àgbà, bí wọ́n ṣe máa ń wí, ó sì máa ń sọ pé òun ò tíì rí ẹni tí oògùn náà pọ̀ jù lára rẹ̀ rí. Kó tó jókòó sórí àga, á fọwọ́ mì í. Bí wọ́n bá gbé omi fún un, á gbé ife náà síbi ìmọ́lẹ̀, á wò ó yípo. Ìyàwó rẹ̀, kó tó kú, kì í gbàgbé láti sọ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ òun ka ìwé náà kó tó fọwọ́ sí i, tí gbogbo èrò sì ń wúkọ́.

Nígbà tó pé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ọṣẹ ló gbé e ṣubú. Nínú balùwẹ̀ ni. Egungun ìbàdí rẹ̀ sán, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì dá a padà sílé pẹ̀lú ọ̀pá onírin kan. Bó bá ti dìde dúró, ó lè fi ọ̀pá náà rìn díẹ̀ láti bẹ́ẹ̀dì dé ojú fèrèsé. Ìdìde gan-an ni kò ṣeé ṣe. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e.

Ọmọ méjì ló bí. Àkọ́bí, ọkùnrin, ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní ìlú tó jìnnà. Àbígbẹ̀yìn, obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, ni wọ́n jọ ń gbé. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ló ń lọ, ibẹ̀ ló ti máa ń po ìyẹ̀fun láti ìdájí títí di aago méjì ọ̀sán. Kó tó lọ, á gbé bàbá rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Bó bá dé, á gbé e lọ sí balùwẹ̀, á gbé e padà sórí àga. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Bó ṣe ń ṣe é ni pé á fi orúnkún rẹ̀ kan sí àárín orúnkún bàbá, á ní kó fi ọwọ́ méjèèjì kọ́ òun lọ́rùn, á sọ pé "Ó yá o," á sì fà á. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òkété tiwa yìí ga, ó tún sanra. Ọmọ rẹ̀ ò ju èjìká rẹ̀ lọ.

Gbogbo òwúrọ̀ ni bàbá máa ń jókòó lójú fèrèsé pẹ̀lú tíréè kan lórí itan, tó ń tún àwọn àgádágodo tó ti dẹnu kọlẹ̀ ṣe fún ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Ọmọọṣẹ́ yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, orí rẹ̀ ti ń hu ewú, ṣùgbọ́n Ọmọọṣẹ́ náà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Orí àga yẹn ni ìfura ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bàbá lọ́kàn.

Ohun àkọ́kọ́ ni omi ẹ̀rọ. Bí fóònù Àbígbẹ̀yìn bá dún, á wọ kíṣìnì lọ, á sì tú omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ta ló ń fọ abọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́? Ohun kejì ni Ọjọ́bọ̀. Bó bá di Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún ló máa ń dé dípò aago méjì. Á ní iṣẹ́ ló pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ibi búrẹ́dì bọ̀, òórùn ìyẹ̀fun ló máa ń wà lára rẹ̀, òórùn tí bàbá sì ń gbọ́ ní Ọjọ́bọ̀ jọ ti oògùn ìpara. Ohun kẹta ni àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Ajé, tí kò sì sí níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Àkọ́bí ló wá ń da epo sí iná yẹn. Oṣù mẹ́jọ ni kò ti yọjú, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ kan ò lè kọjá kó má pè.

"Bàbá, ṣé wọ́n ń fún yín lóúnjẹ?"

"Wọ́n ń fún mi."

"Ẹ máa ṣọ́ra o. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń gbé òbí wọn lọ sí Ilé Àgbà báyìí. Wọ́n á ní ọ̀sẹ̀ kan péré ni, kí ara tu wọ́n díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan yẹn ò ní parí láé."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Mo kàn ń sọ ọ́ ni o, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó ń lọ nínú ilé yín."

Bàbá á gbé fóònù sílẹ̀, á sì máa wo ilẹ̀kùn kíṣìnì.

Ilé Àgbà ọ̀hún, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ò jìnnà. Òtẹ́ẹ̀lì ni tẹ́lẹ̀, ilé alájà méjì, tí nọ́ńbà ṣì wà lára àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tó ṣì jẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, bàbá fúnra rẹ̀ ti lọ ṣílẹ̀kùn níbẹ̀ fún tọkọtaya kan tó jà, tí ìyàwó sì ju kọ́kọ́rọ́ sínú kànga. Àṣé Ọlọ́run ò ní í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé kan, Ọmọọṣẹ́ wá kó àgádágodo, ó sì mẹ́nu bà á pé àwọn ará Ilé Àgbà ti gbéṣẹ́ fún òun: ilẹ̀kùn mẹ́rìnlá ni àwọn fẹ́ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

"Mẹ́rìnlá?" ni bàbá wí. "Irú èwo ni wọ́n ní kó o fi síbẹ̀?"

"Wọ́n ní kí n yọ irin ìdábùú inú yàrá kúrò, kí n fi èyí tí wọ́n lè ṣí láti ìta sí i."

Bàbá gbé sukudiráfà ọwọ́ rẹ̀ sínú tíréè.

"Màá bá ọ lọ."

"Ha, Ọ̀gá! Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Nígbà tí mò ń kọ́ ọ, ta ló ń gbé àpò?"

"Èmi ni."

"Ó wá kàn mí láti gbé e."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Àbígbẹ̀yìn ti lọ síbi iṣẹ́, Ọmọọṣẹ́ gbé ọ̀gá rẹ̀ sínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ọ̀gá Ilé Àgbà, obìnrin kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó so kọ́kọ́rọ́ jìgan-jìgan mọ́ ìdí, ló jáde pàdé wọn. Ó wo bàbá, ó wo ọ̀pá onírin.

"Ta wá ni bàbá yìí?"

Kí Ọmọọṣẹ́ tó la ẹnu, bàbá ti fèsì. "Ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ni mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé àga kan fún akẹ́kọ̀ọ́ náà. Wọ́n ń gbé àga ọ̀hún láti ẹnu ilẹ̀kùn kan dé èkejì, bàbá ń jókòó sórí rẹ̀, ó ń tú síkúrúù, ojú rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń wo arúgbó tó ń tú síkúrúù. Ohun gbogbo ló rí. Ó rí i pé ilẹ̀ mọ́, ó tún wo abẹ́ àwọn bẹ́ẹ̀dì bóyá àbòsí ni; abẹ́ wọn náà mọ́. Ó rí òṣìṣẹ́ kan tó ń fi ṣíbí fún bàbá kan lóúnjẹ, tó ń dúró kí ó gbé e mì kó tó bu òmíràn. Ó kà á: ṣíbí mẹ́tàdínlógún, kò sí ìkánjú nínú ìkankan. Ṣùgbọ́n ó tún rí òṣìṣẹ́ mìíràn tó já wọ yàrá obìnrin kan bí ìjì, tó ṣí fèrèsé, tó fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tó jáde, láìbá ẹni tó wà nínú yàrá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Yàrá kẹsàn-án ni obìnrin yẹn wà. Ọ̀gá Tíṣà ni wọ́n ń pè é, nítorí ilé ìwé ló fi gbogbo ayé rẹ̀ darí. Ó jókòó ṣinṣin bí ẹni tó ń dúró de àwọn ọmọ kíláàsì kí wọ́n dákẹ́.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn mi?" ló bi bàbá.

"Wọ́n ní ká yọ irin yìí, Mà. Kó má bàa jẹ́ pé ẹ ṣubú, tí wọn ò sì ní lè wọlé."

"Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn. Ẹ wá bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn: bí wọ́n bá ti lè wọlé nígbàkígbà, ta ló máa kọ́ wọn láti kanlẹ̀kùn?"

Bàbá rọra fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Ṣé wọ́n ń fìyà jẹ yín níbí?"

Ọ̀gá Tíṣà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ̀yin kì í ṣe ọmọọṣẹ́ ẹnikẹ́ni."

"Rárá, Mà."

"Ó dáa. Ẹ gbọ́. Wọn ò lù mí, wọn ò fi ebi pa mí. Mo ń wẹ̀ lásìkò. Oògùn mi ò wọ́n mi mọ́. Nígbà tí mo dá wà nílé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé ìkòkò kaná tí mo sùn lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn ọmọ mi gbé mi wá, wọ́n ní ká lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ta òdòdó. Mo tiẹ̀ wọ bàtà ọgbà. Odidi ọdún kan ni mi ò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ibí ò burú. Bí mo ṣe débí ló burú."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ bàbá lára ju abẹ́rẹ́ lọ. Kò pẹ́, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, Ọmọọṣẹ́ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì kó lọ fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá ilé náà jáde lọ bu omi fún un. Ó ku òun nìkan, tábìlì, àti òkìtì fọ́ọ̀mù.

Kì í ṣe pé ó tú nǹkan onítọ̀hún. Fọ́ọ̀mù tó wà lókè pátápátá ni, ó sì dojú kọ ọ́. Orúkọ tirẹ̀ ló rí níbẹ̀, ní kíkún. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Òun fúnra rẹ̀ ló di ọwọ́ yẹn mú nígbà tó ń kọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́. Oṣù kẹrin rè é tí wọ́n ti kọ ọ́. Nísàlẹ̀, wọ́n béèrè pé: Ṣé àgbàlagbà náà fara mọ́ ọn? Àbígbẹ̀yìn ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Kò tíì mọ̀.

Nígbà tí omi dé, bàbá ò gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Kò mu ún rárá.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, ó ní kí Ọmọọṣẹ́ yà ní ṣọ́ọ̀bù, kó bá òun mú kọ́kọ́rọ́ ńlá kan tó wà lórí pẹpẹ, èyí tí òun fọwọ́ ara òun ṣe nígbà tí ojú òun ṣì mú.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Ọ̀gá?"

"Mo fẹ́ máa fi ṣeré."

Lọ́jọ́rú, ó ní kí Àbígbẹ̀yìn gbé àga òun sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kó tó lọ síbi iṣẹ́, pé afẹ́fẹ́ ojú fèrèsé ti pọ̀ jù. Odidi òwúrọ̀ ló fi kan kọ́kọ́rọ́ ńlá náà mọ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Inú yàrá ló dojú rẹ̀ kọ. Kò sí ihò kankan fún un láti ìta. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé, ó rí irin náà lára ilẹ̀kùn. Bàbá ní òun ń dán an wò fún oníbàárà kan ni. Ọmọ náà wò ó, bàbá náà wò ó. Àwọn méjèèjì ti ń purọ́ fún ara wọn báyìí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tó gbé e sórí àga tán, Àbígbẹ̀yìn dúró, ó ń yí etí aṣọ rẹ̀ po. "Bàbá, a máa ní àlejò láàárọ̀ yìí. Obìnrin kan fẹ́ wá kí yín. Ẹ jẹ́ n gbé tíì kaná, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ kó tó dé."

Etí bàbá ò gbọ́ ju "obìnrin kan" lọ. Àwọn tó máa gbé mi lọ ti dé, ló wí nínú ọkàn rẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ ṣe wọ kíṣìnì, ó tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó fi gbogbo agbára tó kù fún un ti ara rẹ̀ sókè. Ìbẹ̀rù gbé e dìde níbi tí ọgbọ́n ò ti lè gbé e. Ó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó jù ú sápò. Ibi tó ti fẹ́ yí padà ni ẹsẹ̀ ti yẹ̀. Gbì! Ó balẹ̀ sí àárín bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn.

"Bàbá! Kí ló ṣubú? Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Mi ò ṣí i. Mo ti rí fọ́ọ̀mù."

Ilẹ̀kùn mì tìtì. Àbígbẹ̀yìn ti fi èjìká lù ú. Ó tún lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnì kan ké, kì í ṣe bàbá. Igbe náà mú ṣinṣin, ó sì já lójijì. Bàbá gbọ́ tí ara kan ń fi ògiri yọ́ bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́?" ló béèrè.

Bàbá fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn.

"Àbígbẹ̀yìn! Mo ní kí ló ṣe ọ́?"

"Ẹ̀yìn mi ni." Ohùn rẹ̀ ti sún mọ́ ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ etí bàbá gan-an ló ti ń jáde, láti abẹ́ ilẹ̀kùn. "Mi ò lè dìde."

Báyìí ni bàbá àtọmọ ṣe wà nílẹ̀, ọ̀kan nínú yàrá, ọ̀kan lóde, tí pákó fẹ́ẹ́rẹ́ kan sì là wọ́n láàárín. Àbígbẹ̀yìn fi fóònù pe Ọmọọṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe mọ́ àfi kí wọ́n sọ̀rọ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù márùn-ún. Dókítà fi àwòrán rẹ̀ hàn mí. Ó ní egungun méjì ti yẹ̀ lórí ara wọn. Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ kí wọ́n máa bá mi fà á, kí wọ́n máa fi oògùn ra á. Ó ní mi ò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo mọ́."

"O sì ń gbé mi."

"Ta ló máa gbé yín?"

Bàbá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀. Sìmẹ́ńtì tutù. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀yin náà ò ní í jẹ́ kí n gbé yín mọ́. Ẹ ó kàn jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ó ní ẹ ò fẹ́ ṣe nǹkan kan. Mo mọ̀ yín. Mo lọ gba fọ́ọ̀mù yẹn, gbogbo ìgbà tí mo bá sì fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi á wúwo. Ẹ ti fura sí mi kí n tó ṣe nǹkan kan, Bàbá. Mo wá ní, ṣé kí n jẹ́ kó di òtítọ́ ni?"

"Wọ́n parọ́ fún obìnrin kan pé òdòdó làwọn ń lọ rà," ni bàbá wí.

"Obìnrin wo?"

"Màá sọ fún ọ."

Ọmọọṣẹ́ dé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀gá Ilé Àgbà wà. Òun ni àlejò tí wọ́n ń retí. Ọmọọṣẹ́ wo ilẹ̀kùn náà, ó fọwọ́ pa á lára, ó mí kanlẹ̀. Kò síbi tó máa ki irin bọ̀, inú sì ni àwọn ìde ilẹ̀kùn wà. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi rẹ́ pákó lọ́wọ́ ìsàlẹ̀, tó ń ráhùn pé "Ọ̀gá, ṣé olè lẹ fẹ́ fi èyí dè ni?", tí bàbá sì ń kígbe láti inú pé kò di ayùn mú dáadáa.

Nígbà tí ihò náà tó ibi tí èèyàn lè gbà kọjá, obìnrin oníbàtà pẹlẹbẹ rá wọlé. Ó dá akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ṣé kí n fọwọ́ kàn yín?" Bàbá wò ó pẹ́ kó tó mi orí. Obìnrin náà tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan sábẹ́ rẹ̀, ó sọ fún Ọmọọṣẹ́ ibi tó máa dì mú, wọ́n sì gbé e sókè láìsí ìrora. Bàbá ṣàkíyèsí bí wọ́n ṣe dì í mú. Ìyẹn náà níṣẹ́ nínú, ó wí nínú ara rẹ̀, ọmọ mi ò sì kọ́ ọ.

Ara bàbá kàn bó ni. Àbígbẹ̀yìn ni ọsibítù ní kó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Wọ́n là á yé wọn níbẹ̀ pé ọ̀nà méjì ló wà: kí òṣìṣẹ́ kan máa wá sílé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tàbí kí bàbá lọ sí Ilé Àgbà. Bàbá ní ilé lòun fẹ́. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Òṣìṣẹ́ náà dé lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin gìrìwò kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, nítorí bó ṣe máa ń sọ ọ́ kó tó gbé èèyàn. Bàbá ka ṣúgà kó tó dé, ó tún kà á lẹ́yìn tó lọ. Ṣúgà pé. Ó fi ìdẹ kan sílẹ̀ lórí tábìlì, aago ọwọ́ àtijọ́ kan, kó fi dán an wò. Jẹ́jẹ́ gbé aago náà, ó yí i títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó gbé e padà síbẹ̀. Bàbá ò rí nǹkan kan mú un. Èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n wákàtí kan láàárọ̀, wákàtí kan nírọ̀lẹ́, ni tirẹ̀. Àárín ńkọ́?

Lọ́jọ́ kẹrin ni bàbá rí ìdáhùn. Nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, ó fẹ́ lọ sí balùwẹ̀. Ó mú un mọ́ra. Ó tún mú un mọ́ra. Kò pe ẹnikẹ́ni, kò sì ṣe ìró kankan. Síbẹ̀ ilẹ̀kùn ṣí, Àbígbẹ̀yìn sì ń fi ògiri rìn bọ̀, ojú rẹ̀ hunjọ fún ìrora, ó ń na ọwọ́ sí i. "Ó yá o," ló wí.

"Padà."

"Bàbá, ẹ fi ọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn."

"Mo ní kó o padà!"

Kò padà. Ṣe ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì tó nà. Bàbá ti fura sí gbogbo nǹkan nínú ilé yẹn: sí omi ẹ̀rọ, sí òórùn oògùn, sí ṣúgà inú agolo. Kò fura sí ara rẹ̀ rí. Ọjọ́ yẹn ló rí i pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láàárín ògiri mẹ́rin yìí, bí dókítà mẹ́wàá kìlọ̀, ọmọ yìí máa gbé òun títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi máa kán. Ó tọ̀ sára níbi tó jókòó sí, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kí ọmọ náà lè sọ ọwọ́ sílẹ̀. Òun àti ọmọ rẹ̀ jọ sunkún lọ́sàn-án gangan.

Nírọ̀lẹ́, Àkọ́bí pè, bàbá sì sọ fún un pé òun máa lọ.

"Lọ síbo?"

"Ilé Àgbà. Èmi ni mo ní mo fẹ́ lọ."

"Ta ló wá máa wà nínú ilé? Ṣé ká wá ayálégbé ni, àbí ká tiẹ̀ tà á?"

Bàbá yọ fóònù kúrò létí, ó wò ó bí ẹni wo kọ́kọ́rọ́ ayédèrú. Láti oṣù mélòó kan ló ti ń fi ìfura ṣọ́ ẹni tó ń gbé e lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, nítorí ohùn ẹni tí kò gbé e rí.

"Àbígbẹ̀yìn ló ń gbé ilé," ló wí. "Bí o bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, máa bọ̀ wá wò ó."

Kó tó lọ, ó ní kí ọ̀gá Ilé Àgbà kó gbogbo ìwé wá sílé. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, tí obìnrin náà sì ń fi sùúrù mu tíì. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé oṣù mẹ́ta lòun fẹ́ fi dán an wò. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ yàrá òun máa kanlẹ̀kùn, á sì gbọ́ "Wọlé" kó tó wọlé.

"Bàbá, a ò lè kọ ìyẹn fún ẹyọ ẹnì kan."

"Ẹ kọ ọ́ fún gbogbo wọn nígbà náà."

Obìnrin náà rò ó, ó sì kọ ọ́.

Ọjọ́ tó wọlé síbẹ̀, Ọ̀gá Tíṣà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí i pẹ̀lú àpò irin iṣẹ́ rẹ̀ lórí itan.

"Ẹ tún padà dé? Ilẹ̀kùn wo ló tún bàjẹ́?"

"Èmi ni mo bàjẹ́, Mà."

"Ta ló parọ́ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó parọ́ fún mi. Mo gbìyànjú láti rí ẹni tó máa parọ́ fún mi, mi ò rí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àbígbẹ̀yìn sùn títí oòrùn fi wọ yàrá. Nígbà tó la ojú, ẹ̀rù bà á, ó sáré fọwọ́ rá ògiri dé yàrá bàbá rẹ̀ kó tó rántí. Bẹ́ẹ̀dì ti wà ní títẹ́. Ó jókòó sí etí rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ìsinmi lòun ń gbọ́ nínú ilé yẹn tàbí òfìfo. Fóònù rẹ̀ dún.

"Ṣé o ti jí?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, Bàbá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Ẹni tó wà ní yàrá kejì ń han-run bí ẹ̀rọ ọlọ. Mo fura pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ìwọ ńkọ́? Má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi."

Ó ṣí ẹnu láti sọ pé kò sí nǹkan kan. Ó tún pa á dé. "Ẹ̀yìn ń dùn mí gan-an. Àárò yín sì ń sọ mí."

"Ó dáa. Báyìí ni kó o máa sọ ọ́." Bàbá wúkọ́ díẹ̀. "Àárò tìẹ náà ń sọ mí. Jẹ́ kí n máa lọ. Wọ́n ti gbé ẹyin dé, mo sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí n tó jẹ ẹ́."